Ìdí tí ọ̀pọ̀ ètò orin àti fídíò fi ń yadi mọ́ afọ́jú lọ́wọ́

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 2025, òfin kan tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fọwọ́ sí láti ọdún 2019 bẹ̀rẹ̀ sí í múlẹ̀ káàkiri àwọn orílẹ̀-èdè tó wà lábẹ́ àjọ náà. Òfin ọ̀hún sọ pé fóònù, kọ̀ǹpútà, ìwé orí ẹ̀rọ àti àwọn áàpù tí a fi ń rí fíìmù àti ètò tẹlifíṣọ̀n wò gbọ́dọ̀ ṣeé lò fún àwọn akanda ẹ̀dá, tó fi mọ́ àwọn tí ojú wọn kò ríran rárá. Ọ̀rọ̀ tí àwọn afọ́jú tó ń lo kọ̀ǹpútà ti ń sọ láti ohun tó lé ní ogún ọdún wá di ọ̀rọ̀ àwọn agbẹjọ́rò àti àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ lójijì. Ẹjọ́ tí wọ́n ń rò kò ṣòro láti lóye: àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń gbọ́ orin, tí a fi ń wo fídíò, tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀ tàbí tí a fi ń tún un ṣe wà lára àwọn tó máa ń fún afọ́jú ní wàhálà jù lọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, iṣẹ́ tó jẹ mọ́ ohùn ló yẹ kó rọ̀ wọ́n lọ́rùn jù.

Bó ṣe máa ń rí nìyí. Ẹni tí kò ríran kì í lo máòsì, nítorí kò sí bó ṣe fẹ́ mọ ibi tí ọfà máòsì náà wà. Kíbọọ̀dù ló ń tẹ̀, ètò kan tí wọ́n ń pè ní screen reader sì ń fi ohùn ẹ̀rọ ka ohun tó bá wà níbi tó dé sí etí rẹ̀. Ó ṣí áàpù orin kan, ó tẹ Tab, ohùn náà ní "button". Ó tún tẹ Tab, ohùn tún ní "button". Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn ní "graphic 47", lẹ́yìn náà "button" mìíràn. Ẹni tó ríran tó bá wo ojú ẹ̀rọ kan náà yóò rí àmì onígun mẹ́ta tí í bẹ̀rẹ̀ orin, yóò rí igi méjì tó dúró ṣánṣán fún ìdádúró, yóò sì rí agolo ìdalẹ̀sí tí wọ́n fi ń pa nǹkan rẹ́. Afọ́jú kò gbọ́ èyíkéyìí nínú wọn. Ọgbọ́n tó kù fún un ni pé kó máa tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kó máa fetí sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀, kó sì máa gbàdúrà pé kó má jẹ́ èyí tó ń pa fáìlì rẹ́ ni ọwọ́ òun bà.

Ìdí abájọ wà nínú bí screen reader ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ńṣe ló ń wo àwòrán ojú kọ̀ǹpútà, tó sì ń ròyìn ohun tó rí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè ló ń bi áàpù náà, áàpù ló sì gbọ́dọ̀ dá a lóhùn: kí ni orúkọ ohun tó wà níbí yìí, ṣé bọ́tìnì ni tàbí àpótí tí a ń kọ nǹkan sí, ṣé ó wà ní títàn tàbí ní pípa, iye wo ló sì wà lórí rẹ̀ báyìí? Ọdún 1997 ni Microsoft gbé irú ọ̀nà ìbéèrè àti ìdáhùn bẹ́ẹ̀ jáde fún Windows, tí wọ́n pè é ní Active Accessibility. UI Automation tẹ̀lé e ní àsìkò Windows Vista, IBM sì gbé IAccessible2 kalẹ̀ ní ọdún 2006 láti dí àwọn àlàfo tó kù. Apple ní tirẹ̀, Android ní tirẹ̀, àwọn ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì sì ní ARIA, tí W3C, àjọ tó ń ṣe ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì, fọwọ́ sí ní ọdún 2014. Orúkọ wọn yàtọ̀ síra, àmọ́ ohun kan náà ni gbogbo wọn ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó kọ áàpù, pé ohun tó bá yà sójú ẹ̀rọ, kó fi ọ̀rọ̀ sọ ọ́ pẹ̀lú. Bí kò bá sọ ọ́, screen reader kò ní ibi tí yóò ti rí i gbọ́. Òótọ́ ni pé láti ọdún 2020 ni iPhone ti ní ọgbọ́n kan tó ń wo àwòrán ojú fóònù tó sì ń gbìyànjú láti mọ èyí tó jẹ́ bọ́tìnì nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àfòyemọ̀ ni ìyẹn, kò sì sí ẹni tó ń fi àfòyemọ̀ ṣe iṣẹ́ tó fi ń jẹun.

Àwọn afọ́jú fúnra wọn ló ṣe púpọ̀ nínú àwọn screen reader tí ayé ń lò. Ted Henter, tó máa ń fi alùpùpù díje kí jàǹbá ọkọ̀ tó gba ojú rẹ̀ ní ọdún 1978, wà lára àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ tó ṣe JAWS sílẹ̀. Ọdún 1989 ni JAWS àkọ́kọ́ jáde. Iṣẹ́ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún dọ́là kan ni ẹni tó bá fẹ́ rà á pátápátá ń san, èyí tó máa ń ju owó kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ lọ. Ní ọdún 2006, Michael Curran, ọ̀dọ́mọkùnrin afọ́jú kan ní Ọsirélíà, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ NVDA. James Teh, tí òun náà kò ríran, dara pọ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì ń fún gbogbo ayé ní ètò náà lọ́fẹ̀ẹ́. Nínú ìwádìí tí WebAIM, àjọ kan tó ń rí sí bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ṣeé lò fún akanda ẹ̀dá, ṣe láàárín àwọn tó ń lo screen reader ní ìparí ọdún 2023 wọ ọdún 2024, ìdá 40.5 nínú ọgọ́rùn-ún ló dárúkọ JAWS gẹ́gẹ́ bí èyí tí wọ́n ń lò jù lórí kọ̀ǹpútà, ìdá 37.7 sì dárúkọ NVDA. Ètò tí afọ́jú méjì dá sílẹ̀, tí wọn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá èyí tí wọ́n ń tà lówó gọbọi dọ́gba. Orúkọ James Teh yóò tún jẹ yọ níwájú, nítorí òun ló ṣe iṣẹ́ tó tún ayé àwọn olórin afọ́jú ṣe jù.

Báwo ló ṣe wá jẹ́ pé ètò orin ló burú jù? Oge ló fà á. Ẹni tó ń kọ áàpù ìṣirò owó tàbí ti lẹ́tà kíkọ sábà máa ń lo bọ́tìnì àti mẹ́nù tí Windows tàbí Mac ti ṣe sílẹ̀, irú bọ́tìnì bẹ́ẹ̀ sì ti mọ bí a ṣe ń dá screen reader lóhùn láti ilé wá. Àwọn tó ń ṣe ètò orin kì í fẹ́ èyí. Wọ́n fẹ́ kí ojú áàpù wọn jọ ẹ̀rọ inú sítúdíò gidi, kó ní bọ́tìnì róbótó tó ń yí, iná pẹ́pẹ́ẹ̀pẹ́ tó ń ṣẹ́jú, ojú irin tó ń dán gbinrin. Nítorí náà wọ́n ń fọwọ́ ara wọn ya gbogbo rẹ̀. Ní ti Windows, àwòrán kan ṣoṣo ló wà nínú fèrèsé náà, kò mọ̀ pé bọ́tìnì ọgọ́ta wà nínú rẹ̀, ohun tí Windows kò sì mọ̀, kò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Winamp, tí Justin Frankel gbé jáde ní ọdún 1997, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó sọ àṣà oge yìí di gbajúgbajà, nítorí ojú rẹ̀ ṣeé pààrọ̀ bí aṣọ. Síbẹ̀ àwọn afọ́jú fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi, ìdí kan ni pé kíbọọ̀dù nìkan tó láti fi darí rẹ̀: Z fún orin tó kọjá, X láti bẹ̀rẹ̀, C láti dá a dúró díẹ̀, V láti pa á, B fún orin tó kàn. Lẹ́tà márùn-ún tó tò tẹ̀léra ní ìsàlẹ̀ kíbọọ̀dù ni wọ́n, ọwọ́ òsì á kàn sinmi lé wọn lórí. Ẹni tó ń gbọ́ orin kò nílò láti wá bọ́tìnì kankan rí. Mo máa ń sọ pé ẹ̀kọ́ tó wà nínú èyí ju ti inú ọ̀pọ̀ ìwé ìlànà lọ, àmọ́ ó ní ibi tó mọ. Orin gbígbọ́ kò ju iṣẹ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ, nígbà tí orin ṣíṣe ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún, kò sì sí kíbọọ̀dù tó lè gba gbogbo wọn.

Ìyà tó wà nídìí plug-in ló ṣàlàyé èyí jù. Nínú iṣẹ́ sítúdíò orí kọ̀ǹpútà, àwọn ètò kéékèèké kan wà tí wọ́n ń fi kún ètò ńlá: èyí kan ń dín ohùn tó bá ń hó kù, òmíràn ń jẹ́ kí ohùn máa dún bí ẹni tó wà nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, òmíràn ń fi kíbọọ̀dù ṣe ohùn fèrè tàbí ìlù. JUCE ni irinṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ lára àwọn tó ń ṣe plug-in fi ń kọ́ ọ, JUCE sì ń ya gbogbo nǹkan fúnra rẹ̀. Títí di ọdún 2021, nígbà tí ẹ̀dà 6.1 jáde, kò sí ọ̀nà kankan nínú rẹ̀ tí bọ́tìnì lè gbà bá screen reader sọ̀rọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó bá fi JUCE ṣe plug-in kò lè mú kó sọ̀rọ̀ àfi bó bá kọ́kọ́ tún irinṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ṣe, iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ ẹlẹ́ni méjì kò ní dá lé. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ JUCE ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó di ti gbogbo ẹni tó bá tún plug-in tirẹ̀ kọ́ pẹ̀lú ẹ̀dà tuntun. Lójú tèmi, ìsàlẹ̀ níbẹ̀ ni ó yẹ kí a ti máa bẹ̀rẹ̀ ìjà yìí. Lẹ́tà ẹ̀hónú sí ọgọ́rùn-ún ilé-iṣẹ́ lè mú méjì tàbí mẹ́ta yí ọwọ́ padà, ṣùgbọ́n àtúnṣe kan nínú irinṣẹ́ tí gbogbo wọn ń lò á dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé afọ́jú wà lára oníbàárà wọn.

Bí bọ́tìnì bá ti ní orúkọ, ìṣòro mìíràn á yọjú tí kì í sí nínú áàpù lẹ́tà: ohùn méjì á máa dún pọ̀. Screen reader ń sọ̀rọ̀, orin náà ń dún, etí kan náà ló ń gbọ́ wọn. NVDA ní ọgbọ́n kan láti ọdún 2016 tó ń rẹ ohùn gbogbo yòókù sílẹ̀ nígbà tí òun bá ń sọ̀rọ̀, èyí dára fún ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń díwọ̀n ohùn orin kò lè gbà kí orin náà máa lọ sílẹ̀ máa gòkè láìjẹ́ pé òun ló ṣe é. Ohùn screen reader tún lè wọ inú ohun tí wọ́n ń gbà sílẹ̀. Olórin á kọrin tán, á tẹ́tí sí i, á sì bá "button" láàárín ẹsẹ kejì. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń ní ẹ̀rọ ohùn méjì lórí kọ̀ǹpútà kan, ọ̀kan fún orin, ọ̀kan fún screen reader, pẹ̀lú ìpègbọ́ ní etí kan ṣoṣo.

Aago tó ń ka ìṣẹ́jú orin náà ní wàhálà tirẹ̀. Bí ẹni tó kọ áàpù bá ní kí ó máa kéde ìyípadà, screen reader á máa ka "1:01, 1:02, 1:03" láìsinmi, ẹni náà kò sì ní gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú orin tó fẹ́ gbọ́. Bí ó bá sì ní kó dákẹ́ pátápátá, kò ní sí bí afọ́jú ṣe máa mọ ibi tí orin dé. Ohun tó tọ́ ni pé kí aago náà dákẹ́ títí ẹnì kan yóò fi bi í léèrè, kó wá dáhùn lẹ́ẹ̀kan. Ó dà bí ohun tó rọrùn, ṣùgbọ́n kò sí irinṣẹ́ tó lè ṣe ìpinnu yẹn dípò ènìyàn, àfi kí ẹni tó kọ ọ́ ti jókòó ti ẹni tó ń fi etí ṣiṣẹ́.

Ibi tí nǹkan ti yí padà jù ni REAPER, ètò sítúdíò tí ilé-iṣẹ́ Cockos ṣe. Justin Frankel tó ṣe Winamp náà ló wà nídìí rẹ̀. Ojú REAPER ibi tí orin ti ń tò lọ bí ìlà kò bá screen reader sọ ohunkóhun fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ fún àwọn ará ìta: ètò mìíràn lè wọlé, kó béèrè orúkọ tráàkì (ìlà ohùn kọ̀ọ̀kan nínú orin), ibi tí orin dé, ohun tí ẹni náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà. James Teh gba ilẹ̀kùn yẹn wọlé, ó sì ṣe OSARA, ètò ọ̀fẹ́ tó ń jókòó sínú REAPER, tó sì ń bá screen reader sọ ohun tí REAPER kò sọ. Àwọn afọ́jú mìíràn àti àwọn tó ríran ti fi iṣẹ́ tiwọn kún un láti ìgbà náà.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ní tráàkì mẹ́jọ nínú orin kan yóò tẹ ọfà ìsàlẹ̀, ohùn á sì dárúkọ tráàkì tó dé fún un, á ní nọ́ńbà rẹ̀, á sọ bóyá wọ́n ti pa ohùn rẹ̀ tàbí bóyá ó ti múra láti gba ohùn sílẹ̀. Bó bá tẹ ọfà ọ̀tún, á gbọ́ ibi tó dé nínú orin. Bó bá pín ègé ohùn sí méjì, á gbọ́ pé ó ti pín. Ẹni tó ríran máa ń wo iná aláwọ̀ ewé àti pupa láti mọ̀ bóyá ohùn ti pọ̀ jù. OSARA ní olùṣọ́ kan tí ó jẹ́ pé ẹni náà á sọ iye tí kò fẹ́ kí ohùn kọjá fún un, tí ohùn bá sì kọjá ibẹ̀, á kígbe sí i. Èyí tí mo gbóríyìn fún jù ni ti plug-in. Plug-in tí ojú rẹ̀ yadi pátápátá ṣì gbọ́dọ̀ sọ fún REAPER irú àwọn nǹkan tó ṣeé yí nínú rẹ̀, kí REAPER lè máa yí wọn fúnra rẹ̀ bí orin bá ń lọ. OSARA á kó gbogbo wọn jọ, á tò wọ́n bí mẹ́nù, olórin á sì máa fi ọfà lọ sókè sódò láàárín wọn, á máa gbọ́ orúkọ àti iye ìkọ̀ọ̀kan. Kò pé, nítorí àwọn plug-in kan wà tí orúkọ inú wọn kò ju "Param 12" lọ, ṣùgbọ́n ó sọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún irinṣẹ́ tí afọ́jú kò lè fọwọ́ kàn rí di èyí tó ṣeé lò. REAPER fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́, àmọ́ 60 dọ́là ni owó ìwé àṣẹ rẹ̀ fún ẹni tí kò fi pa owó ńlá, ènìyàn sì lè fi 60 ọjọ́ yẹ̀ ẹ́ wò láìsan kọ́bọ̀.

Ohun tó ń dẹ́rù ba àwọn afọ́jú tó ti rí ètò tó dára lò ni pé wọ́n lè tún un kọ láti ìpìlẹ̀. Àwọn olórin afọ́jú kan ti ń lo Pro Tools, ètò sítúdíò kan, lórí Mac àtijọ́ nígbà tí screen reader kan tó ń jẹ́ outSPOKEN ṣì wà. Nígbà tí Apple kó lọ sórí Mac OS X lẹ́yìn ọdún 2000, screen reader náà kò bá a lọ, VoiceOver, screen reader ti Apple fúnra rẹ̀, kò sì tíì sí títí di 2005, Pro Tools pàápàá kò sì tètè bá VoiceOver sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń fi iṣẹ́ náà jẹun ní láti dúró sórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, kí ilé-iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn lóhùn. Irú ìbẹ̀rù yìí ló wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn nísinsìnyí lórí Audacity, ètò ọ̀fẹ́ fún gbígba ohùn sílẹ̀ àti títún un ṣe, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì Carnegie Mellon ní ọdún 1999, tí afọ́jú sì ti ń lò dáadáa lórí Windows. Muse Group, tó gba Audacity ní ọdún 2021, ń tún un kọ́ fún ẹ̀dà kẹrin pẹ̀lú irinṣẹ́ mìíràn tó yàtọ̀ pátápátá sí ti tẹ́lẹ̀. Gbogbo bọ́tìnì tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ tún kọ́ ní ọ̀rọ̀.

Kò túmọ̀ sí pé àtúnkọ náà ò lè yọrí sí rere. Ilé-iṣẹ́ kan náà tún MuseScore kọ, ètò tí a fi ń kọ orin sílẹ̀ ní àmì, ẹ̀dà kẹrin rẹ̀ jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, wọ́n sì ní láti ṣe ọ̀rọ̀ screen reader láti ìpilẹ̀. Ní ọdún 2023, ẹ̀dà 4.1 tún wá pẹ̀lú ojú kan tó ń sọ àmì orin di braille bí ẹni náà ṣe ń rìn lórí rẹ̀, iṣẹ́ tí Sao Mai Center for the Blind ní Vietnam lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn bá wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń mọ ìpìlẹ̀.

Ti fíìmù wíwò yá díẹ̀ ju ti orin ṣíṣe lọ, nítorí òfin àti ẹjọ́ ti wọ̀ ọ́. Amẹ́ríkà ti ní òfin kan láti oṣù Kẹwàá ọdún 2010 lórí bí fídíò àti ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ ṣeé lò fún akanda ẹ̀dá. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, Netflix gbé eré tuntun kan jáde tí akọni rẹ̀ jẹ́ afọ́jú, àwọn afọ́jú gidi sì pariwo pé àwọn kò lè bá eré náà lọ, nítorí kò sí ohùn tó ń ṣàpèjúwe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ náà fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ sí eré náà, ní ọdún 2016 sì ni òun àti ẹgbẹ́ afọ́jú tó ń jẹ́ American Council of the Blind fẹnu kò pé kí èyí máa pọ̀ sí i. Lórí YouTube, ẹni tó mọ̀ pé K ń dá fídíò dúró, pé J ń dá a padà sẹ́yìn ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, tí L sì ń mú un lọ síwájú ní iye kan náà, kò ní láti wá bọ́tìnì kiri.

Nílé tiwa ńkọ́? Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín ọdún 2005 sí 2007 fi hàn pé ó ju mílíọ̀nù kan àwọn ènìyàn tó ti pé ogójì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ojú wọn ti fọ́. Fóònù Android ni ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè rà, TalkBack, screen reader ti Android, sì ti wà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ wọn láìsan owó lọ́tọ̀, nítorí náà ìbéèrè tó kan wa jù ni bóyá áàpù tí ilé-iṣẹ́ rédíò kan gbé jáde tàbí èyí tí ṣọ́ọ̀ṣì fi ń pín ìwàásù ní orúkọ lórí bọ́tìnì rẹ̀. Òfin tó lòdì sí fífi ìyà jẹ akanda ẹ̀dá, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kínní ọdún 2019, ti wà nílẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ ilé ìjọba, ọkọ̀ àti ibùdókọ̀ ló gba ibi tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìlú Èkó kan náà ni Benjamin Aderounmu, olórin afọ́jú tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Kokoro, ti lu sáńbà kọrin káàkiri ìgboro fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó kú ní 2009, irú olórin bẹ́ẹ̀ sì gbára lé ọwọ́ ẹlòmíràn nídìí ẹ̀rọ bí wọ́n bá fẹ́ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Pẹ̀lú kọ̀ǹpútà àlòkù, NVDA, REAPER àti OSARA, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ afọ́jú Pacelli ní Súrùlérè tó bá kọ́ iṣẹ́ náà lè fúnra rẹ̀ jókòó sídìí ẹ̀rọ báyìí.

Èdè Yorùbá ló kù tí ó ń dá a dúró. Ohùn Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ afọ́jú wa fi ń gbọ́ ohun gbogbo lórí kọ̀ǹpútà, ohùn náà kò sì mọ ohun tó fẹ́ fi àmì orí àti ìsàlẹ̀ lẹ́tà ṣe. Ó lè fò ó, ó lè dárúkọ àmì náà ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì lè pe orúkọ olórin bí ẹni tó ń jẹ egungun lẹ́nu. Ìdààmú mìíràn wà lábẹ́ èyí tí ẹni tó ríran kì í kíyè sí. Nínú ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ lẹ́tà gbogbo ayé, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní ẹyọ nọ́ńbà kan. Lẹ́tà àti àmì tí wọ́n so pọ̀ ni, ọ̀nà ìsopọ̀ náà sì ju ẹyọ kan lọ. Orúkọ kan náà tí ẹni méjì tẹ̀ lórí kíbọọ̀dù méjì lè jọra délẹ̀ lójú, kí áàpù orin sì kà á sí olórin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó ríran á rí méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, á sì mọ̀. Afọ́jú tó ń fi orúkọ wá orin á kàn gbọ́ pé kò sí irú rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹni tó ń kọ áàpù ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó kò nílò owó ńlá láti bẹ̀rẹ̀. Kó yọ máòsì kúrò, kó gbé NVDA sórí kọ̀ǹpútà tàbí kó tan TalkBack sórí fóònù, kó pa ojú ẹ̀rọ náà, kó wá gbìyànjú láti bẹ̀rẹ̀ orin kan, kó dá a dúró, kó sì lọ sí ìdajì rẹ̀. Púpọ̀ nínú àṣìṣe tí yóò rí jẹ́ ti orúkọ tí kò sí lórí bọ́tìnì, èyí tí ìlà kóòdù kan ń tún ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà, kí ó pe afọ́jú tó mọ kọ̀ǹpútà lò, kó san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un. Inú mi kì í dùn sí àṣà pé kí wọ́n máa bẹ afọ́jú láti yẹ áàpù wò lọ́fẹ̀ẹ́, bí ẹni pé oore ni wọ́n ń ṣe fún un.

Kí òfin Yúróòpù má bà á mú wa gbàgbé ìwọ̀n rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a rántí pé nínú ìwádìí tí WebAIM ṣe ní ọdún 2025 lórí ojú-ewé àkọ́kọ́ mílíọ̀nù kan tó gbajúmọ̀ jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìdá 94.8 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àṣìṣe tí ẹ̀rọ lè rí, ó lé ní ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn tí WCAG 2.0, ìlànà lórí bí ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì ṣe gbọ́dọ̀ ṣeé lò fún akanda ẹ̀dá, ti jáde. Òfin náà sì yọ àwọn ilé-iṣẹ́ kékeré tó ń ṣe iṣẹ́ fún aráàlú sílẹ̀, ìyẹn àwọn tí òṣìṣẹ́ wọn kò tó mẹ́wàá, tí owó tó ń wọlé fún wọn lọ́dún kò sì ju mílíọ̀nù méjì yúrò lọ. Ó dárúkọ áàpù fíìmù wíwò àti ìwé kíkà, kò dárúkọ ètò sítúdíò. Ilé-iṣẹ́ kéékèèké ló sì ń ṣe púpọ̀ nínú plug-in. Nítorí náà, ẹni tó ń wo fíìmù ní Jámánì tàbí ní Faransé lè máa retí pé kí àtúnṣe dé látọ̀dọ̀ ìjọba, nígbà tí ẹni tó ń ṣe orin ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó ń fi àkókò ara wọn kọ OSARA. Ní ti àwọn plug-in tó jáde ṣáájú 2021, tí àwọn tó ṣe wọ́n ti ti ilé-iṣẹ́ wọn pa tàbí tí wọ́n ti gbàgbé wọn, kò sí ẹni tí yóò tún wọn kọ́ mọ́. Ìlà "Param 12" inú mẹ́nù OSARA ni afọ́jú yóò máa fi wọ inú wọn lọ.